Ìtẹ́ Eku Abẹ́ Yìnyín

Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní gúúsù
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án, 1974

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú òtútù tó ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ṣé eyín tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Ẹ bá mi kí Kublu ẹ̀gbọ́n mi àti Aarulaaq ìyàwó rẹ̀, kí ẹ sì fi imú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wọn fún mi.

Mo ti dé ibí láyọ̀. Igi ni n kò lè fara mọ́. Wọ́n pọ̀ débi pé n kò rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Bí mo bá jókòó, ara mi kì í balẹ̀. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Ní àárọ̀ mo máa ń dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì kí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn tó dé, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé n ó pẹ́. Bí mo bá sì wọlé tán, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, kí wọ́n má baà bi mí ní nǹkan.

Wọ́n ti bi mí ná. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ẹranko béèrè ibi tí mo ti wá. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní ó dáa, kí n kọ iṣẹ́ ìparí ọdún mi lórí avinngaq, eku kékeré ilẹ̀ wa. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan yíjú padà, ó ní, "Ṣé àwọn tó máa ń bẹ́ sódò pa ara wọn yẹn?" Mo ní n kò rí i rí. Ó ní, "Ìwọ tí o ń gbé ibẹ̀?" Ó wá dà bí ẹni pé èmi ni mò ń purọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ nǹkan kan nípa eku yìí. Mo mọ̀ pé ó máa ń funfun nígbà òtútù, pé èékánná ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń nípọn sí i nígbà náà kó lè fi gbẹ́ yìnyín. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi awọ rẹ̀ lé eéwo. Ìyẹn kò kún ojú ìwé kan. Ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n máa ń pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti òwìwí funfun á sì pọ̀ tẹ̀lé wọn. Ọdún tí a bí ọmọ Kublu ni wọ́n pọ̀ gbẹ̀yìn, àbí? Bí a bá kà á bí ìwé ṣe kà á, ìgbà òtútù yìí ni wọn yóò tún pọ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yóò sì kún àfonífojì òkè lọ́hùn-ún tí Bàbá àgbà ti máa ń dẹ pakuté.

Ẹ bá mi bẹ Kublu. Níbikíbi tó bá pàgọ́ sí, kó gbẹ́ yìnyín títí kan ilẹ̀, kó wo iye ìtẹ́ eku tó wà níbẹ̀ àti ohun tó wà nínú wọn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Kó rẹ́rìn-ín, kó ṣáà gbẹ́ ẹ.

Ọmọ yín,
Inuguk


Mittimatalik, ní àríwá
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 1974

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà yín pẹ́ lọ́nà. Kùrukùru kò jẹ́ kí bàálù balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Eyín náà ti kúrò lẹ́nu mi. Aarulaaq ló fi okùn fà á yọ. Nígbà tí mo pariwo, ó ní kí n dákẹ́, pé kì í ṣe Inuguk nìkan ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ẹ pè mí ní Màmá. Oṣù tí bàbá mi kú ni mo bí yín, mo sì fi orúkọ rẹ̀ pè yín, Inuguk padà wálé. Láti ìgbà tí ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mo ti ń pè yín ní Bàbá, tí ẹ̀yin náà ń pè mí ní ọmọ mi. Kí ni mo wá ṣe tí mo fi di Màmá? Bóyá àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá máa ń yọjú wo ohun tí ẹ ń kọ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wo ibòmíràn.

Mo ka lẹ́tà yín sókè nígbà tí a ń jẹ ẹja dídì. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ eku, Kublu gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

"Bàbá àgbà ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yóò kún àfonífojì?"

Aarulaaq ní, "Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló kọ lẹ́tà, ìwé àbí Inuguk?"

"Inuguk wo? Èyí tí kò lè mú eku kan nígbà tí a wà ní kékeré? Èmi ni mo máa ń bá a mú un, tí á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé eku náà wo òun."

A rẹ́rìn-ín títí. Kublu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ pé wọ́n fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ níbi ẹ̀rọ iná ìlú. Lọ́jọ́ kejì ló lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Ó ní òun kò ní jókòó ti ẹ̀rọ tó ń kùn nígbà tí Bàbá àgbà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ẹran wà. Òun, Aarulaaq àti ọmọ ń lọ sí àfonífojì náà, wọn yóò sì wà níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi padà. Bí òkun bá ti dì dáadáa ni wọn yóò gbéra. Inú mi dùn, Bàbá mi. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi ayé sílẹ̀ nígbà yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tó tún mọ ibi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yóò gbà.

Ní ti pé eku ń pa ara rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí. Eku tí mo mọ̀, oúnjẹ ló ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Àyè irú ìyẹn kò sí fún un.

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò gidi, fún ọjọ́ méjì, sórí yìnyín tó ti wà nílẹ̀. Ó ti dì le báyìí, àwọn ọmọdé ń fi ìdí yọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán awọ ránṣẹ́ sí mi, àwọn onígun mẹ́ta yẹn. Ti ibí yìí máa ń ṣẹ́.

Ọmọ yín,
Qaunaq


Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá, 1974

Màmá mi,

Ẹ dárí jì mí pé n kò kí yín dáadáa. Òní ni lẹ́tà yín dé, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí Kublu lọ. Bó bá ti lọ, kí ẹnì kan tẹ̀lé e lọ pè é padà.

N kò sọ pé mo mọ̀. Ìwé ni mo kà, mo ka ọdún lórí ìka mi, mo sì kọ ọ́ sí yín nítorí pé n kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ. Ibòmíràn ni àwọn tó kọ ìwé náà ti ka eku tiwọn. Nígbà tí mo fi ohun kan náà han olùkọ́ wa, ó fa ìlà sí abẹ́ "yóò pọ̀", ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Báwo ni o ṣe mọ̀?"

Ẹ tún wá ní òjò rọ̀ sórí yìnyín. Màmá, ìyẹn gan-an ló ń pa wọ́n. Eku wa kì í sùn la gbogbo ìgbà òtútù já bí àwọn ẹranko mìíràn kan. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, lábẹ́ yìnyín, níbi tí yìnyín ti bò ó bí aṣọ ìbora. Ibẹ̀ ló ń la ọ̀nà kéékèèké sí, ibẹ̀ ló ń jẹ gbòǹgbò àti ewéko tútù, ibẹ̀ náà ló ń bímọ. Yìnyín rírọ̀ tó nípọn ni ilé rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí rẹ̀ tó sì dì, omi dídì á bo koríko mọ́lẹ̀ bí ìdérí, eyín eku kò ní ràn án, òtútù á sì wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Kò ní sí eku nínú àfonífojì yẹn. Bí kò bá sí eku, kí ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń wá débẹ̀? Kí ni Kublu yóò sì fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ?

Mo bẹ ẹni tó ń ṣọ́ tẹlifóònù níbí pé kó bá mi pe rédíò ìlú wa. Ariwo bí ọ̀rá tó ń dín nìkan ni mo gbọ́.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ni mo gbà. Irú ẹni tí Kublu tìtorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ iṣẹ́ nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ wà nínú àpòòwé yìí.

Inuguk


Mittimatalik
Ogúnjọ́, oṣù Kejìlá, 1974

Inuguk,

Mo kí ọ. Kí lẹ́tà rẹ tó dé, wọ́n ti lọ fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Mi ò tètè fèsì nítorí mi ò fẹ́ fi inú gbígbóná kọ̀wé. Inú náà ò tíì tutù, ṣùgbọ́n bàálù ń lọ lọ́la.

Ajá mẹ́sàn-án tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín, oúnjẹ oṣù méjì, àtùpà mi kékeré tí mo yá Aarulaaq. Ohun tí wọ́n kó lọ nìyẹn. Oòrùn ti wọ̀, kò ní yọ mọ́ títí ìparí oṣù tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó lè tẹ̀lé wọn báyìí, ìjì ti bo ipasẹ̀ wọn. Àwọn ọdẹ méjì kọjá ní ẹnu odò, wọ́n rí ibi tí Kublu pàgọ́ sí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ káàkiri bí ẹni pé ẹnì kan ń wá ohun tó sọnù. Mi ò mọ ohun tó sọnù lọ́wọ́ wọn. Mi ò sì rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ.

Mo bá ìyá Aarulaaq pàdé ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Qaunaq, ṣé Bàbá rẹ ti sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dé fún ọ?" Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Mo mú tíì mi, mo jáde.

Kí ló dé tí o fi kọ ohun tí o kò mọ̀? Ẹni tí o ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kì í lanu sọ ohun tí kò mọ̀.

Abẹ́rẹ́ dé. Ó dáa.

Qaunaq


Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kìíní, 1975

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọkàn. Mo gba lẹ́tà yín, gbogbo ohun tí ẹ sọ tọ́ sí mi.

N kò lè jókòó ka ìwé. Mo máa ń rìn láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí n tún gòkè, títí ẹni tó ń gbé yàrá kejì fi ṣílẹ̀kùn tó ní, "Ṣé nǹkan rẹ sọnù ni?" Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó rò pé àwàdà ni.

Ohun tí mo kọ́ nípa eku yìí ti pọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwọ̀n ẹyin adìyẹ kan ni. Òwìwí kan lè jẹ mẹ́rin lójúmọ́. Ní ọdún tí eku kò bá sí, òwìwí kì í yé ẹyin rárá, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á sì jáde sórí òkun dídì, á máa tẹ̀lé béárì, ẹranko ńlá funfun tó ń dẹ ẹran níbẹ̀, kó lè jẹ ohun tí béárì bá jẹ kù. Kublu wà ní òkè, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà ní òkun. Nínú ọkàn mi, ibi tí mo rán an sí gan-an ni ibi tí kò sí nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bó bá padà, bí kò bá sì padà, ẹ má pè mí ní Bàbá mọ́. Ẹ wá ọmọ mìíràn fún orúkọ yẹn. Mo ti fi ṣe ohun tí kò dáa.

Ọmọ yín


Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, 1975

Màmá mi,

Ó ti di oṣù kan, n kò gbúròó yín. Ojoojúmọ́ ni mò ń yọjú sí ibi tí wọ́n ń to lẹ́tà sí, ẹni tó wà níbẹ̀ ti ń mi orí kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo ti di ẹrù mi. Ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni bàálù tí n ó bá wá. Olùkọ́ ní kí n kọ́kọ́ parí iṣẹ́ orí eku náà kí n tó pinnu. Mo ní n kò ní nǹkan kan láti kọ, gbogbo ohun tí mo ní, àwọn ẹlòmíràn ló rí i. Ó ní, "Ìyẹn náà tó sọ." N kò mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Bí ìròyìn búburú bá wà, ẹ kọ ọ́ sí mi. Ẹ má dákẹ́.

Inuguk


Mittimatalik
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, 1975

Bàbá mi,

Wọ́n ti dé. Mo kọ ìyẹn ṣáájú ìkíni kí ọkàn yín lè balẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé lánàá pẹ̀lú ajá méje. Béárì pa ajá méjì, òtútù sì jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Aarulaaq lápá kan, ó ti dúdú. Ó ní òun ti lẹ́wà tó tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí àwọn obìnrin yòókù náà rí àyè. Ọmọ náà sanra ju bó ṣe lọ.

Ẹ ní kí n má pè yín ní Bàbá mọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá mi ò lè kọ̀wé rárá, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbúròó mi.

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ní ẹnu odò, Kublu mú ṣọ́bìrì, ó ní òun fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀. Aarulaaq ní, "Kí lo fẹ́ sin?" Ó ní Bàbá àgbà ní kí òun máa gbẹ́ níbikíbi tí àwọn bá sùn. Ó rí ìtẹ́ mẹ́ta, wọ́n ṣófo, wọ́n ti pẹ́, omi dídì bo koríko mọ́lẹ̀. Níbi kejì ó rí ìtẹ́ kan, eku wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, gbogbo wọn dì bí òkúta. Níbi kẹta, ẹranko mìíràn tó ń pa eku jẹ ló ti gba ìtẹ́, ó fi irun eku tó pa tẹ́ ẹ bí ibùsùn, òun náà sì ti lọ. Kublu jókòó sórí ọkọ̀ ajá títí tíì inú kọ́ọ̀bù rẹ̀ fi dì.

Aarulaaq ní, "Ó dáa, Ọ̀gbẹ́ni Agbẹ́lẹ̀, a ń lọ àbí a ń padà?"

Ó ní, "Nínú lẹ́tà kan náà ló ti ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà níbẹ̀, tó sì ní kí n gbẹ́ ilẹ̀ wò. Èyí tí mo gbẹ́ ni mo rí."

Wọ́n yí orí ajá padà sí òkun. Ojú tì í láti wálé lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn tó ti kọ iṣẹ́, nítorí náà ó lọ pàgọ́ sí orí òkun dídì, ní ìlà oòrùn lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Wọ́n ń pa séálì, ẹran inú òkun, níbi ihò tí séálì máa ń yọjú sí láti mí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn béárì. Pakuté rẹ̀ kún. Ẹlòmíràn ti wà níbi ẹ̀rọ iná, iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Kublu kò sì mẹ́nu bà á.

Ó ku ohun tó yẹ kí n jẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ sí yín pé bàbá mi kì í sọ ohun tí kò mọ̀. Irọ́ ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, ó ní eku yóò pọ̀ ní àfonífojì yẹn, ó sì kó wa lọ síbẹ̀. Kò sí nǹkan kan. A jẹ okùn awọ ìjánu ajá, a jẹ bàtà awọ. Àbúrò mi tó ń mu ọmú kò bá wa padà. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí a bá sùn, bàbá mi á mú ṣọ́bìrì. Ìyá mi á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun á máa gbẹ́. Mi ò sọ ìtàn yìí fún Kublu rí. Mi ò sọ ọ́ fún yín. Kò sí ẹnikẹ́ni láàyè tó mọ̀ ọ́n bí kò ṣe èmi. Mo ka ibi tí ẹ ti ní kí Kublu gbẹ́ ilẹ̀, mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì níwájú gbogbo wọn, mi ò sì ronú kàn án. Àná tí Kublu gbé agolo tábà sílẹ̀ níwájú mi ni mo tó mọ ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn sí wa.

Agolo náà ló bá lẹ́tà yìí wá. Ìtẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan láti ibi kọ̀ọ̀kan, ó fi okùn dì wọ́n, ó kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ wọn. Ó ní kí ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí ìkọ̀wé òun.

Ó ń béèrè ohun kan. Bí yìnyín bá yọ́, ṣé kí àwọn lọ kó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ funfun ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìwọ̀ oòrùn bí ti ọdún tó kọjá? Ó ní òun kò ní gbéra títí ẹ ó fi dáhùn.

Ọmọ yín,
Qaunaq


Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta, 1975

Qaunaq, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Lẹ́tà rẹ dé nígbà tí mo ń so ẹrù mi. Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ni mo tú ẹrù náà. Bàálù yóò lọ lọ́la láìsí mi.

Mo gbé agolo lọ sí kíláàsì. Mo jókòó sí iwájú, kì í ṣe pé ẹ̀rù kò bà mí. Nígbà tí mo tú okùn ìtẹ́ kẹta tí wọ́n rí irun tó wà nínú rẹ̀, ọmọkùnrin tó ní eku máa ń pa ara rẹ̀ béèrè ohun tó pa wọ́n. Mo sọ fún un pé ẹranko mìíràn ló pa àwọn ti ìtẹ́ yìí, ṣùgbọ́n òjò ló pa àwọn yòókù, òjò ọjọ́ méjì, ní oṣù Kẹwàá. Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Mo ní ìyá mi sọ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi sì gbẹ́ ilẹ̀ wò. Nígbà tí mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi, olùkọ́ kò fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Mo ronú púpọ̀ nípa àbúrò rẹ. N kò mọ ohun tó yẹ kí n sọ, nítorí náà mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ronú nípa rẹ̀.

Ní ti ẹyin, sọ fún Kublu pé n kò mọ̀. Èyí tí mo kà ni pé ní ọdún tí eku kò bá sí, ẹyin ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń kọjú sí, ó sì lè jẹ́ pé ìtẹ́ òfo ni wọn yóò bá. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, ibòmíràn ni ìwé ti rí i. Kó má tíì kó Aarulaaq àti ọmọ dání. Kó kọ́kọ́ dá lọ fún ọjọ́ kan, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kó tó pàgọ́. Kó sì kọ ohun tó bá rí sí mi, yálà ó dáa tàbí kò dáa.

Sọ fún Aarulaaq pé eku náà wò mí lóòótọ́.

Bàbá rẹ,
Inuguk